Ìkòkò Aró Rambu Ngana

"Ta ló ṣí ìkòkò mi?"

Rambu Ngana kò pariwo. Ó fi igi ro aró náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rí pé ìfófó ojú rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, tí kò ṣíwọ́ híhó rí láti ìgbà náà wá, ti kú sílẹ̀ bí omi ìfọ̀bọ́.

Danga, ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀, dorí kodò. "Mama, kámẹ́rà ni. Ibu Widuri ní kí ayàwòrán òun kàn yà á fìrí, kí àwọn ará Jakarta lè rí bí a ṣe ń ṣe é."

"Ọkùnrin wọ ahéré aró? Èèwọ̀!"

"Kò pẹ́ níbẹ̀, Mama."

"Ọjọ́ tí iná ń jó ilé wa, ìta ọgbà aró yìí ni ọkọ mi dúró sí tó ń pè mí. Kò wọlé. Ìwọ wá di ilẹ̀kùn mú fún àlejò."

Ibu Widuri bọ́ sílẹ̀ láti ọ̀ọ̀dẹ̀, páálí kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fẹ́ kó aṣọ wọn lọ síbi ìpàtẹ ní Jakarta. "Ẹ má bínú, Mama. Èmi ò mọ̀."

"Danga mọ̀."

Ìdì òwú mẹ́rìnlá ṣì wà lórí ẹní, wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ dì wọ́n ní oríkèéríkèé, aró nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

"Aró oníkẹ́míkà inú ike wà ní ọjà Waingapu," ni Ibu Widuri wí. "Ẹ fi rẹ ìyókù. Ta ni yóò mọ̀?"

Rambu Ngana mú ìwé pélébé kan nínú páálí náà. Àwòrán ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó dúdú dé ọrùn ọwọ́. "Danga, kà á."

"Ewé àti gbòǹgbò nìkan. A kì í da májèlé sí odò wa."

"Tún ti ìparí yẹn kà."

Danga tún un kà: "A kì í da májèlé sí odò wa."

"Mama, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù," ni Ibu Widuri ń bẹ̀bẹ̀. "Bí a bá lọ lọ́wọ́ òfo, wọn ò ní pe abúlé yìí mọ́."

"Wọn ò pè wá tẹ́lẹ̀, a ò sì rìn níhòòhò." Ó gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi há abẹ́ apá. "Ọwọ́ mi ló wà nínú èyí. Mo gbà á padà."

Kò fi ewé sirih, tí wọ́n fi ń kí àlejò, lọ obìnrin náà. Ó gbé agbọ̀n ewé náà kọ́ sára ògiri níṣojú rẹ̀, ó sì padà sínú ahéré.

Danga tẹ̀ lé e, ó ń nu ojú. Rambu Ngana ti da aró òkú náà sílẹ̀, ó ń fi iyanrìn fọ inú ìkòkò.

"Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ já ewé ẹ̀lú wá, kí o má já èyí tó ti gbó."

"Mama, ó di ìgbà wo kó tó mí padà?"

Rambu Ngana na igi ìro aró sí i, igi tí ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

"Gbà. Ìwọ lo pa á. Ìwọ ni wàá jí i."