Róbọ́ọ̀tì Tó Fẹ́ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ṣi Ẹsẹ̀ Gbé

Ẹ jẹ́ n rọ́ àlá tí Ìbídùn oníjó lá lọ́sàn-án àná fún yín, bó ṣe rọ́ ọ fún mi gẹ́lẹ́.

Láti ìgbà ọmọge ni Ìbídùn ti ń jó, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu báyìí, ó sì ń fi ìró bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Láàárọ̀ àná, Láṣebìkan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèré wọn sọ fún un pé róbọ́ọ̀tì kan ni yóò bá jó nínú eré tuntun. Ìbídùn ní òun ò bá irin jó. Ó bínú lọ sílé, ó jẹ ẹ̀bà, ó sùn.

Bí oorun ṣe gbé e lọ, inú ọ́fíìsì ìjọba kan ló ti bá ara rẹ̀. Ọ́fíìsì náà léfòó lójú òfurufú, okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò. Ìbídùn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kàn di etí tábìlì mú.

"Màmá, ọwọ́ yín tutù," ni tábìlì wí.

"Má bínú," ni Ìbídùn dáhùn, ó sì fi ọwọ́ ra ìró rẹ̀ kó lè móoru.

Alága kan àti akọ̀wé rẹ̀ jókòó níwájú. Alága ní, "Ijó la ó fi mọ̀ bóyá èèyàn àti róbọ́ọ̀tì lè jọ gbé ìlú kan. Bí kò bá wọ̀, ẹ̀yin èèyàn lẹ máa kó jáde. Àwọn róbọ́ọ̀tì ti wúwo jù láti rù."

Ìbídùn rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání.

Ni róbọ́ọ̀tì bá wọlé, ó ga bí ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ọ́fíìsì fì.

"Ẹ káàsán, mà."

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Wọn ò tíì sọ mí lórúkọ."

"Irinwùmí ni ọ́, nígbà náà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó. Kí Ìbídùn tó gbé apá, Irinwùmí ti gbé tirẹ̀. Kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rárá. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í yán, kó tó pa ẹnu dé, ó ti di òbúkọ, ó sì ń jẹ táì ọrùn rẹ̀. Akọ̀wé ní òun ò lè di ewúrẹ́, òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ìwo sì ń yọ lórí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ṣé ó wọ̀?" ni Ìbídùn bi wọ́n.

"Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni," ni òbúkọ wí.

Irinwùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí Ìbídùn. "Màmá, tí ẹ bá ń yí, orúnkún yín ọ̀tún máa ń dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀lé yín. Ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹ kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùn lára. Kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀ ẹ́ fún orúnkún yẹn rí. Ó ká ìró rẹ̀ sókè.

"Gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ò dá lójú," ló wí.

Irinwùmí gbé e, ó ṣì í gbé, ó wó lu tábìlì gbìì. Tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí òun náà fi yẹ̀, Irinwùmí sì nawọ́ gbá a mú. Nígbà tí Irinwùmí tún yẹ̀, Ìbídùn gbá a mú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, tèmi yẹ̀, tìrẹ gbà á, títí okùn fi já, tí ọ́fíìsì ń fò yí orí ìlú ká. Àwọn ewúrẹ́ dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n ń tiro jó.

"Ó wọ̀," ni òbúkọ wí. "Ẹ máa gbé pọ̀."

Ìbídùn jí. Fáànù ń yí ọrùn nínú yàrá. Tó bá dé apá ọ̀tún, á há díẹ̀, á gbọn orí, kó tó padà. Ìbídùn jókòó tì í, èjìká rẹ̀ ń bá a lọ.

Láṣebìkan pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti rò ó?"

"Mò ń bọ̀," ni Ìbídùn wí. "Àmọ́ ẹ ní kí róbọ́ọ̀tì yẹn dúró dè mí. N kì í yára yí."