Bẹ́ẹ̀ Ni, Sà

"Ó ti jẹ́wọ́, Bàbá," ni ọkùnrin fijilanté náà wí kí Mùsáfírù tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. "Alájì bi í, ó ní òun ni. Èmi náà bi í, ó ní òun ni. Àgọ́ ọlọ́pàá ló kù."

Ojú ọmọ rẹ̀ ni Mùsáfírù ń wá. Àbdùlsàmàd jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù, ó káwọ́ lérí, iyanrìn kún irun rẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún ni, tòun ti irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n nǹkan kì í tètè yé e, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ọdún Iléyá ló ti ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tútù níbí, ní ọ̀nà Ọ̀fàdà ní Mówe, kí oòrùn má baà là wọ́n. Kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Lónìí, gbogbo èyí tí wọ́n tẹ̀ lánàá ló ti fọ́ túútúú lẹ́yìn rẹ̀.

"Alájì Ọlágòkè, ẹ gbọ́ tèmi," Mùsáfírù bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yìí ò lè ṣe é. Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó bi í." Alájì tó ni ibẹ̀ nu òógùn orí rẹ̀ tó funfun báláú. "Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Àbdùlsàmàd! Ṣé ìwọ lo fọ́ búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí?"

Àbdùlsàmàd sáré dìde, ó tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Dìndìnrìn tó fọ́ búlọ́ọ̀kù lónìí," ni òṣìṣẹ́ kan kùn lẹ́yìn, "orí ta ni yóò fọ́ lọ́la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà" yẹn, òun gan-an ló kọ́ ọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ní ọmọ náà kò ní lè kọ́ ohunkóhun, ó ṣorí kunkun sí wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀ ní Ìbàfò, àràárọ̀ ló ń pè é síwájú, tí ó ń bi í, tí ó ń tún un bi, títí ọ̀rọ̀ náà fi mọ́ ọn lẹ́nu. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí ṣọ̀wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí ayé ń yin ọmọ náà fún nìyẹn. Àbí ó tiẹ̀ fọ́ ọ lóòótọ́ ni?

Fóònù rẹ̀ dún. Àjíbíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ni.

"Bàbá Àbdùlsàmàd, mo ti pe Ìyáàfin Ìbíwùnmí."

"Ta ló ní kí o pè é?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n pè é. Ó ti ń bọ̀."

Ìbíwùnmí ló ń darí ẹgbẹ́ kan ní Mówe, ẹgbẹ́ àwọn tó ní irú ọmọ báyìí tó ti dàgbà, torí àbúrò tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Mùsáfírù lọ́jọ́ kan, ó sì sọ fún un lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń dáhùn gbogbo ohun tí mo bi í. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, Mùsáfírù kò dáhùn kíkí rẹ̀ mọ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rí nítorí pé obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn nínú òjò dé ilé.

"Bàbá, ẹ yà fún wa," ni fijilanté wí. Ó di Àbdùlsàmàd ní ìbàdí ṣòkòtò mú.

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Ìbíwùnmí bá wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Mùsáfírù. "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá." Mùsáfírù mi orí díẹ̀.

Obìnrin náà lọ dúró síwájú ọmọ. "Ọ̀gbẹ́ni Àbdùlsàmàd, ẹ káàárọ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni kẹ̀!" ni òṣìṣẹ́ kan wí.

"Alájì, ẹ dákun, kí lẹ bi í?"

"Mo ní ṣé òun ló fọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi í. Ọ̀gbẹ́ni Àbdùlsàmàd, ṣé ẹ̀yin lẹ bí Alájì yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Alájì la ẹnu sílẹ̀.

"Ṣé Alájì ló bí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀gá fijilanté, ó kàn yín. Ẹ bi í bóyá kì í ṣe òun ló fọ́ ọ."

Ọkùnrin náà fajú ro, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń wò ó. "Ìwọ, ṣé kì í ṣe ìwọ lo fọ́ búlọ́ọ̀kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ti wí o!" ni ẹni tó pè é ní dìndìnrìn pariwo. "Ó ní kì í ṣe òun!"

"Kò parọ́, kò sì jẹ́wọ́," ni Ìbíwùnmí wí. "Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ẹ má fi 'ṣé' bi í." Ó yíjú sí Mùsáfírù. "Bàbá, ẹ bá wa bi í. Ohùn yín ló mọ̀ jù."

Mùsáfírù wá ìbéèrè tí kò ní 'ṣé' nínú. Ṣé o ti wẹ̀? Ṣé o ti yó? Ṣé ó ń dùn ọ́? Kò bi ọmọ yìí ní ìbéèrè mìíràn rí.

"Àbdùlsàmàd," ó wí níkẹyìn, "kí... kí lo rí láàárọ̀ yìí?"

Fijilanté fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìbíwùnmí gbọ́wọ́ sókè sí i. Ètè Àbdùlsàmàd ń mì.

"Mọ́tò."

"Mọ́tò wo?"

"Mọ́tò iyanrìn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, ó ń han bí típà tó ń padà sẹ́yìn, "Pẹ̀ẹ́n, pẹ̀ẹ́n, pẹ̀ẹ́n," títí ó fi dé ibi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. "Gbì!" Ó fọwọ́ di etí.

Alájì wo ilẹ̀. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ipa táyà ńlá lọ tààrà láti orí òkìtì iyanrìn dé ibi ìparun náà, ó sì tún jáde. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan ti jẹ́wọ́, ta ló tún ń wo ilẹ̀?

Alájì pe awakọ̀ típà, ó gbé ohùn fóònù sókè.

"Alájì, mo ti fẹ́ pè yín o. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ṣèèṣì kàn án. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

Fijilanté ní wọ́n ń retí òun níbòmíràn. Bó ti ń lọ, Mùsáfírù wo ojú rẹ̀ dáadáa, kó má baà gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

"Àbdùlsàmàd, má bínú sí mi," ni Alájì wí. "Ṣé o..." Ó gé ètè jẹ. "Kí lo fẹ́ ṣe báyìí?"

"Yóò bá mi lọ sílé," ni Mùsáfírù dáhùn, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ìyà ti jẹ ẹ́ tó lónìí. Ó yá."

Àbdùlsàmàd rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò lọ."

"Mo ní ká máa lọ."

"Mi ò lọ. Mo fẹ́ bomi rin." Ó ń nawọ́ sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ láàárọ̀, tí oòrùn ti ń bà.

Mùsáfírù dúró de "sà". "Sà" kò wá. Ó yíjú sí Ìbíwùnmí, ojú rẹ̀ le. "Ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ sí mi? Èmi bàbá rẹ̀!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kú oríire."

Ó fẹ́ bínú, ìbínú kò dé. Ẹ̀rín ló gbé e, ẹ̀rín tó mú kó di ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù mú kó má baà ṣubú, ojú rẹ̀ sì ń ṣe omi. Nígbà tí Àjíbíkẹ́ tún pè, Àbdùlsàmàd ti ń fa rọ́bà omi lọ.

"Bàbá Àbdùlsàmàd, ṣé ẹ ti ń mú un bọ̀?"

"Rárá," ni Mùsáfírù wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ò lọ."

"Àbdùlsàmàd wa ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àní kò tiẹ̀ fi 'sà' kún un."