Apá Ọ̀tún Ojú Ọ̀nà

Kọ́nà kẹta náà tún ni. Hafeezah mọ̀ pé òun ti pẹ́ kí òun tó tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìdí ọkọ̀ yí wá síwájú, táyà kúrò lórí ọ̀dà, ọkọ̀ sì lọ dúró sínú koríko lójú kọ̀ǹpútà. Ìyípo tó ń sá lórí ọ̀nà eré náà ti bàjẹ́. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ aṣọ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Eré ìdíje ọkọ̀ orí kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí kì í bá ènìyàn ṣeré. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, táyà rẹ̀ á máa gbóná; bí epo bá ti ń tán, ọkọ̀ á máa fúyẹ́; ẹni tó bá sì tẹ bíréèkì ní àtẹ̀jù, ọkọ̀ á wọ́ ọ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ gidi. Ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó lọ sí Abidjan ni Hafeezah ti ra sítíárìn àti ẹsẹ̀ ìtẹ̀ rẹ̀. Ó dè é mọ́ tábìlì nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé bàbá rẹ̀ ní Gounghin, ní Ouagadougou. Bí ó bá ti kúrò ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí títí ìrun màgàríbì yóò fi tó.

Boris ló mú un wọnú eré náà. Boris ní yàrá ìṣeré kan ní Dapoya, Nàgó Kétu sì ni ìyá rẹ̀, nítorí náà Yorùbá ló fi ń bá Hafeezah sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló máa ń bá ọ̀rọ̀ náà parí. Òun ló fẹ́ yan àwọn méjì tí yóò bá ọmọ Cotonou àti ọmọ Dakar figagbága lórúkọ Ouagadougou. Ní àárọ̀ Sátidé ni ìdánwò yóò wáyé ní Dapoya, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, níwájú gbogbo ènìyàn. Hafeezah ló wà ní ipò kẹta. Ohun tó wà láàárín òun àti Ismaël tó wà ní ipò kejì kò ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń lé e láti ìgbà tí òjò ti dá, kò tíì bá a.

Boris ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yé kọ́ gbogbo ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́nà kan ni kí ó mú, kí ó kọ́ ọ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ó tún fún un ní ìyípo tirẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ti gbà sílẹ̀, kí ó lè máa sáré níwájú rẹ̀ bí ọkọ̀ òjìji. Hafeezah tẹ̀ lé òjìji náà títí. Lójú ọ̀nà tó tọ́, wọn kò fi ara wọn sílẹ̀. Ní kọ́nà ni ìyàtọ̀ wà. Òjìji ti máa ń tẹ bíréèkì kí òun tó rò ó, á rọra wọlé bí ẹni tó ń wọ yàrá tí ọmọ ìkókó ń sùn sí, nígbà tí òun bá sì ń bá sítíárìn jà lọ́wọ́, òjìji ti tẹ iná, ó ti lọ.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ kọ́nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó gbọ́ tí irin ha ògiri níta.

Àlàájì Sàláwù, bàbá rẹ̀, ló ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara moto. Ó ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ gbá òpó géètì. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ń fi wáyà rọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo òpó náà, ó ní bíríkìlà tó mọ ọ́n kò mọ iṣẹ́. Ọjọ́ orí òpó náà ju ti Hafeezah lọ.

Halimatou, ìyá Hafeezah, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó. Ọmọ ẹ̀yà Moaga láti Kaya ni, ilé ọkọ ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá ló tó wọ yàrá Hafeezah. Ó sọ fún un pé nítòsí ọjà Sankaryaré, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àlàájì fún obìnrin kan tó wà lórí alùpùpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, obìnrin náà sì ṣubú sínú yanrìn. Ọlọ́run ló yọ ọ́, orúnkún nìkan ló bó. Àlàájì búra pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti rí obìnrin yẹn láti òkèèrè. Òun kò rí i."

Ọ̀rọ̀ Sátidé ló ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù. Ọmọ méjì tí Ramatou, ẹ̀gbọ́n Hafeezah, bí wà lọ́dọ̀ wọn fún ìsinmi, ilé ìwé sì ti fẹ́ wọlé. Àlàájì ti ní òun fúnra òun ni yóò wà wọ́n padà sí ìlú Bobo. Ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ó sì dáhùn pé ojú tí kò dunni, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní ilé ìwòsàn. Ìyá fẹ́ kí Hafeezah bá a sọ̀rọ̀, nítorí òun ni bàbá máa ń gbọ́ tirẹ̀.

"Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́, Maman?" ni Hafeezah bi í.

Ìyá rẹ̀ kàn padà sí ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì, Hafeezah kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí bàbá fúnra rẹ̀ yà sí yàrá náà lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń rí ọkọ̀ yìí, kò tíì gbé ẹnikẹ́ni débì kankan. Hafeezah rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ní kí ó jókòó. Kò lè sọ pé kò sí nǹkan kan lọ́kàn òun nígbà tó yan ọkọ̀ tí kì í sáré púpọ̀ fún un, tó sì kó àwọn ọkọ̀ mìíràn sójú ọ̀nà náà.

Kí Àlàájì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà láti Èkó wá sí Ouaga. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí sítíárìn. Ó pàdánù ọ̀nà díẹ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́; ní ìkejì, ó ti mọ ibi tí kọ́nà kọ̀ọ̀kan wà, bíréèkì tó ń tẹ̀ sì tutù ju ti Hafeezah lọ. Inú ọmọ rẹ̀ ń dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ pupa kan sún mọ́ ọn láti ọwọ́ ọ̀tún, bàbá sì yà lù ú tààrà, láìdúró, bí ẹni pé òfìfo ni ibẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa," ló wí. "Ó kàn ń ju ọkọ̀ sí mi lójijì ni."

Bí Hafeezah bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ó mú ohun tí kọ̀ǹpútà gbà sílẹ̀ jáde, bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń wá àṣìṣe ìyípo tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dá a dúró kí ọkọ̀ méjèèjì tó kan ara wọn.

"Ẹ máa wo iwájú, Bàbá, bí ẹni tó ń wakọ̀. Kí ni ẹ rí?"

"Ọ̀nà."

"Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?"

"Koríko ni."

Bàbá yí orí sí ọ̀tún. Ọkọ̀ pupa náà wà níbẹ̀, ó tóbi, ó kún ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ó yí orí padà síwájú, ó sì tún yí i sí ọ̀tún. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ títí, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó wà ní títì.

"Ìgbà wo ló dé ibẹ̀?" ló bèèrè.

"Ó ti wà níbẹ̀ láti kọ́nà tó kọjá."

Bàbá gbé ọwọ́ lé itan. Níta, àwọn ọmọ Ramatou ń fi èdè Mooré bá ara wọn jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

"Obìnrin Sankaryaré yẹn," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ó wà níbẹ̀ nígbà náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó dìde, ó jáde lọ. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀, ó sì ní kí Hafeezah fi alùpùpù gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní omi inú ojú ló ti ń fún iṣan ojú láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ìrora. Ìríran tó ti lọ kò ní padà wá, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán oògùn déédéé, èyí tó kù lè má lọ. Àlàájì kò tíì bèèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà tán tí dókítà fi mi orí.

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé orí tábìlì Hafeezah. Kò tíì jẹ́ kí ó wa ọkọ̀ náà rí kọjá ilé epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ wíwà.

"Ní Sátidé," ló wí, "ìwọ ni yóò wà wá lọ Bobo."

Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa ìdánwò Dapoya. Hafeezah wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó lè ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. Ó sì rí bí ìka bàbá rẹ̀ kò tíì kúrò lára kọ́kọ́rọ́ náà tán.

"Ó dáa, Bàbá," ló wí.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ láìní ìdí kan pàtó. Ní kọ́nà kẹta, ó tẹ bíréèkì kí òjìji tó tẹ̀ ẹ́, ó dúró de ọkọ̀ kí ó yí tán, kò bá a jà, ó sì tẹ iná. Nígbà tó fi máa kúrò ní kọ́nà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òjìji Boris wà. Kò bojú wẹ̀yìn títí ìyípo fi parí. Ó yá ju ti Ismaël lọ, ó yá ju ti Boris pàápàá lọ. Ó fi ránṣẹ́ sí Boris, Boris sì pè é kíá.

"Ó dára gan-an, c'est beau," ni Boris wí. "Ohun tí mo ti ń sọ fún ẹ nìyẹn. Wá ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́la."

"Mi ò lè wá. Bàbá mi ni mo fẹ́ wà lọ Bobo."

"Kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. O mọ̀ pé níwájú gbogbo ènìyàn la ti fẹ́ ṣe é. Bí o kò bá wá, Ismaël ni n ó mú."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa, d'accord," ni Boris wí. "Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ."

Ó dun Hafeezah, kò sì ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó lọ yẹ táyà ọkọ̀ wò.

Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ní Ouaga ni bàbá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí bíréèkì. Kò sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Wọ́n sinmi ní Boromo, àwọn ọmọ jẹ ẹran sísun, wọ́n sì tún gbéra. Kò pẹ́ tí Hafeezah fi gbọ́ tí bàbá ń hanrun. Kò rántí ọjọ́ kankan tí bàbá rẹ̀ sùn nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà.

Níwájú ilé ọkọ Ramatou ní Bobo, Àlàájì Sùlàímọ́nù, bàbá ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Òun àti Sàláwù ni wọ́n jọ wa ọkọ̀ àjàgbé nígbà èwe wọn. Ó rí bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ èrò, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Sàláwù, ìwọ náà ti di mínísítà? O ti ń jókòó kí wọ́n máa wà ọ́?"

Àwọn aládùúgbò méjì tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Hafeezah ti ṣètò irọ́ kan sílẹ̀ láti ọ̀nà, pé ẹsẹ̀ ló ń dun bàbá. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

"Ojú mi kò rí apá ọ̀tún mọ́," ló wí. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Hafeezah ló wà wá dé."

Ẹ̀rín dákẹ́. Sùlàímọ́nù dìde lórí àga, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo Hafeezah tó gbé àpò àwọn ọmọ dání.

"Ó mọ̀ ọ́n wà?" ló bèèrè.

"Mo sùn lọ́nà," ni Sàláwù dáhùn.

Àwọn ọmọ ti sáré wọlé lọ bá ìyá wọn. Sàláwù kò tíì gbé ẹsẹ̀. Ó dúró níwájú gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé títí Hafeezah fi wá dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ wọlé.