Ilẹ̀kùn Máníjà

Inú ń bí obìnrin kan débi pé kò kí ẹnikẹ́ni títí ó fi wọ ọ́fíìsì máníjà. Ilé iṣẹ́ ìṣó ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń lu irin láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Dókítà ti ní ariwo náà wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, pé tó bá pẹ́ sí i níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ náà fi òwú di etí, ṣùgbọ́n fọ́mánù ní kó yọ ọ́, nítorí etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ẹ̀rọ bá fẹ́ bàjẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń di ìṣó sí páálí.”

Máníjà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ariwo kì í pa èèyàn. Tó bá ń pa èèyàn ni, ìyàwó mi ì bá ti sọ mí di òkú.”

Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì ọ́fíìsì náà tó nípọn gbagada, ó gbé àga síbẹ̀, ó jókòó lé e. Ariwo ya wọlé bí omíyalé.

“Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn!”

“Ẹ ní kí ni?”

“Ẹ fẹ́ kí orí mi fọ́ ni?”

“Orí tiyín nìkan ló lè fọ́ ni, sà?”

Máníjà gbé tẹlifóònù, kò gbọ́ nǹkan kan, ló bá sáré jáde lọ bá fọ́mánù fúnra rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ ti wà nídìí páálí. Síbẹ̀ inú obìnrin náà kò rọ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ náà, òun náà sì ní ìyàwó nílé.