Òṣùká Lórí Òmìrán

Èmi ni. Èmi náà kúkú ni — ta ni ìbá tún jẹ́? Èjìká òsì tó rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Òṣùká nìyẹn lórí rẹ̀, àkísà aláwọ̀ ewé tí mo ń ká sórí láràárọ̀ kí n tó ru sìmẹ́ńtì. Ọmọ mi ya òmìrán tó ń jí ọmọdé gbé sínú ìwé àlọ́, orí mi ló gbé lé e lọ́rùn.

"Ẹ bá mi wò ó, Bàbá mi. Bí ẹ bá ní kò dáa, mi ò ní fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́." Ló bá wọ kíṣìnì lọ. Láti ìgbà náà, abọ́ kan ṣoṣo ló ń fọ̀.

Kí n ní kò dáa? Ó dáa! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ á máa rí mi lójú àlá, á máa ké. Ṣé bí mo ṣe rí lójú ọmọ mi nìyí? Mi ò nà án rí. Mi ò bú u rí. Mi ò... kí ni mo tiẹ̀ ti sọ fún un rí?

Ẹ jẹ́ n tún un wò. Níbí, pákó tó gbé ló bo ẹnu òmìrán. Níbí, okùn àpò. Létí odò, òjìji. Nínú èyí tó kẹ́yìn... kò sí nǹkan kan. Imú, lẹ́yìn náà àgbọ̀n. Bébà funfun láàárín. Ṣé ó gbàgbé ni? Ẹni tó ya àkísà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, ẹnu ni yóò gbàgbé?

"Baba Sìmẹ́ńtì, àbí ó ti dì sí yín lẹ́nu ni?" Àwọn ará ibi iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ru ẹrù kì í sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ á tán lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn: pa ẹnu dé, kí ọrùn lè dúró. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ mo ń sọ ẹrù kalẹ̀... àbí orí nìkan ló ń sọ̀ ọ́?

Àwọn ọmọ inú àwòrán yìí ńkọ́ — kí ló dé tí wọn ò sá? Òmìrán ti tú àpò. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n yí i ká, wọ́n gbójú sókè. Ọ̀kan fi ọwọ́ sẹ́yìn etí...

Omi ti dákẹ́ ní kíṣìnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé.

Àwọn ọmọ inú àwòrán ò bẹ̀rù òmìrán. Wọ́n ń dúró dè é ni.

Mo fọwọ́ kan orí. Kò sí òṣùká níbẹ̀, kò sí ẹrù. Kí ni mo wá ń pa ẹnu dé fún?