Sípíríǹgì Tó Ti Rẹ̀

Ìyá Onífáàfù kò lè gbójú sókè. Alùpùpù ìdíje náà wà láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń kùn jẹ́ẹ́ bí ológbò tó yó. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tó ń gùn ún bá ti fún un níná gidi, tí ọwọ́ aago tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ohùn á fọ́: pá-pá-pá! Agbára á tán.

Ìdíje ku wákàtí mẹ́rin.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ lọ fáàfù yìí," ni ọ̀gá wí. "Bí kò bá sáré lónìí, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Onífáàfù ti ń fọ irin níbẹ̀, tó ń lọ fáàfù kó lè dí pinpin. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Àwọn tó kàwé ló ń sọ̀rọ̀. Òun a máa wò. Ó sì ti wò. Lánàá, ó da epo sórí fáàfù náà, bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Ẹ̀kán kan kò jò. Gbogbo wọn gbà pé ó ti parí. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì dúró ni lánàá. Kò sáré.

"Ọ̀gá... ẹ má bínú." "Fáàfù ń padà. Kì í tètè dé ni."

"Kí ló dé? Ó yà sọ́jà ni?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin alùpùpù kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ máa wí, mò ń gbọ́."

Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ìlẹ̀kùn. "Fáàfù ṣí, epo àti atẹ́gùn wọlé. Sípíríǹgì tì í padà. Iná sọ, písítìn tó ń yí ẹ́ńjìnnì lọ. Tó bá wá ń sáré... kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti ṣí, ó ti tì, bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ò lè bá a. Iná á dé, ìlẹ̀kùn á ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó ń rọra rìn, ta ló máa mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún?"

"Èmi ni mo ní ká dá sípíríǹgì àtijọ́ padà síbẹ̀!" ni ọ̀gá jágbe.

Ìyá mọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Síbẹ̀, ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó mú sípíríǹgì kan jáde, ó sì gbé e ti tuntun irú rẹ̀ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ti àtijọ́ fi ìbú èékánná kan kúrú sí tuntun.

Ọ̀gá wò ó. Ó tún un wò. "Ẹ kó tuntun sí i," ló wí jẹ́jẹ́.

Ìyá kó àwọn sípíríǹgì tuntun sí i, ó sì dé orí ẹ́ńjìnnì padà. Nígbà tó parí, wọ́n fún un níná. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá! Ohùn rẹ̀ lọ geere, kò fọ́. Agolo orí pákó ń jó.

"Ìyá, ẹ̀bi mi ni," ni ọ̀gá wí, ó ṣí fìlà. "Ẹ jókòó níwájú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí pápá. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ju yín lọ."

Ní pápá, alùpùpù náà kọjá bí ọfà, ó gba ipò kìíní. Ìyá Onífáàfù fò sókè. Ó ké débi pé gbogbo àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yíjú wò ó. Kò sì tẹrí ba.