Ẹsẹ̀ Táńkì

Serifat fi ọ̀bẹ ìdáná gé àwọn ewé gbígbẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ara ọ̀pẹ ni irú ewé yìí ti máa ń hù lóko. Sùrájù, ọkọ rẹ̀, ló ṣí i wá láti Ìjẹ̀bú, tó gbìn ín sínú garawa, tó gbé e sí ìbòòji táńkì omi lẹ́yìn ilé wọn ní Ṣómólú. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ó ń tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí Sùrájù kú, àwọn tó wá kí Serifat rò pé oòrùn ni ewé náà ń fẹ́, wọ́n gbé e sínú oòrùn, ó sì gbẹ. Serifat rí wọn. Kò dìde níbi tó jókòó sí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́ ni ó ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Omijé kò wá. Ebi kò pa á.

Lónìí, Ràmọ́nù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń po sìmẹ́ǹtì tí yóò fi tẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ lè ríbi jókòó.

"Adúmáadán," ni Serifat pè é. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. "Ẹ fi ẹsẹ̀ táńkì yẹn sílẹ̀ fún mi. Ewé ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀."

"Ìyàwó wa, òkú ewé lẹ tún fẹ́ sin?" Ràmọ́nù gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde, ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà fi ibi tó ṣì wà láàyè hàn mí, kí sìmẹ́ǹtì yìí tó gan."

Serifat dojú garawa bolẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: díẹ̀díẹ̀ ló ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò. Èyí tó rọ̀, ó gé e dànù. Òmíràn tún rọ̀. Nígbà tó kù bí àtàǹpàkò, ó fi èékánná ha á. Ó le, inú rẹ̀ funfun. Lórí rẹ̀, ewé kan ká jọ, irun wẹ́wẹ́ bò ó, bí ìkúùkù ọmọ tuntun.

"Òun nìyí," ni ó wí.

Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀ wò ó títí.

Opó kì í jáde, ohun tó wà nílé ni Serifat lò: ewé jíjẹrà inú gọ́tà, àti ègé bébà tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti ilé ìtẹ̀wé ẹ̀yìn ògiri. Rédíò àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ròyìn ìjọba alágbádá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ sójà. Kàlẹ́ńdà àwọn tó wọlé ìbò ni ẹ̀rọ wọn ń gé. Ó rin bébà náà lómi, ó pò ó mọ́ ewé. Ó gbin ewé Sùrájù, ó fi orí rẹ̀ síta. Ó rántí ọdún kan tí òjò wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo irú rẹ̀ lórí, jíjẹrà ló jẹrà.

Ràmọ́nù to búlọ́ọ̀kù fífọ́ yí i ká. Ó tẹ́ sìmẹ́ǹtì débẹ̀, ó dúró.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti funfun bí eérú, àfi ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ. Serifat fi ọwọ́ bu omi, ó wọ́n ọn sí i. Omi náà tutù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Adúmáadán," ni ó wí, "kí ni wọ́n sè nínú ilé?"